Àpò Pàǹtí Tí Abẹ́rẹ́ Fi Sílẹ̀

Ìyá onílé da garawa pàǹtí náà dojú dé sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ewébẹ̀ tó ti jẹrà, eegun ẹja, ìlédìí ọmọ ọwọ́ àti omi dúdú kan tó ń rùn bí òkú eku ṣàn wọ abẹ́ tábìlì tí aránṣọ ń gé aṣọ lé lórí.

"Ẹ bá mi wò ó o!" ni ìyá onílé kígbe. "Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ń dà sínú garawa tí mo ní kí wọ́n máa kó ìwé àti ìgò nìkan sí! Àwọn akólẹ̀kódọ̀tí kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè gbé e. Ẹni tó ń rán aṣọ fún ọmọ èèyàn, òun nìyí, bó ṣe dọ̀tí tó!"

Aránṣọ dìde, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi. Mi ò ní ọmọ ọwọ́ nílé. Ìdí ta ni mo fẹ́ so ìlédìí mọ́?"

"Ó tún ní ẹnu tó máa fi dá mi lóhùn!"

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èkejì ká aṣọ rẹ̀ tí wọn kò tíì gé, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní òun máa padà wá. Kò padà wá mọ́.

Ọmọbìnrin aránṣọ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá wọn àti ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìṣirò ni ó kó mọ́ àyà. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí pé ó tínrín, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ràn orúkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ojú kékeré wò ó, á ní, "Ẹ má gbàgbé o, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Lọ́jọ́ náà, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí. Ó ń wo ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ lásán kó pàǹtí ẹlòmíràn. Nǹkan kan dì gbagidi ní àyà rẹ̀ bí òkúta.

Garawa méjì ló wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà. Aláwọ̀ ewé wà fún ìyókù oúnjẹ àti ohun tó ń jẹrà, aláwọ̀ búlúù wà fún ìwé, ìgò, ike àti agolo tí wọ́n ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di ohun tuntun. Kò sí ayálégbé tó ń tẹ̀ lé òfin yìí bí aránṣọ. Ó ń ṣan ìgò kó tó sọ ọ́ sínú garawa. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọmọ ìyá onílé obìnrin wá kí i, ó gbé ọmọ ọwọ́ dání, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ ibi tí ìlédìí ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún onílé pé ẹnu rẹ̀ ń rùn?

Tíṣà Àgbà nìkan ló la ẹnu. Bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ò rí ẹni tó dà á, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí kò dà á. Mo jẹ́rìí fún obìnrin yìí. Kò dọ̀tí."

Ìyá onílé pòṣé, ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ní kí wọ́n kó jáde. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, ibẹ̀ ni ó máa gbé. Ìdánwò àṣejáde Abẹ́rẹ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ títí, ìyá onílé fàáké kọ́rí. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dúró títí ọmọ náà yóò fi kọ ìwé tó kẹ́yìn. Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Kò tíì rí nǹkan kan."

"Ẹnu rẹ yẹn," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Lọ kàwé rẹ."

Ó lọ kàwé lóòótọ́. Àmọ́ ojú kan ló fi ń kàwé, ó fi èkejì ṣọ́ ike kan tó gbé pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Ike ńlá onídèérí ni. Ìfun ẹja tí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ dà nù, inú ike ni. Ẹyin tó bàjẹ́, wàrà tó kan, ìyókù ọbẹ̀, inú ike náà ni. Bó bá ti kàwé títí tó rẹ̀ ẹ́, á yọ́ lọ sẹ́yìn táǹkì, á ṣí ìdérí díẹ̀, òórùn náà á gbá a lójú bí ìgbájú, á sì rẹ́rìn-ín. "O ní a dọ̀tí," á sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. "O ò tíì rí ìdọ̀tí."

Kódà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bó bá ti dáhùn ìbéèrè tán, orí ike yẹn ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Ó ń ro bí ìyá onílé yóò ṣe ṣílẹ̀kùn, bí yóò ṣe fa imú, bí yóò ṣe kígbe. Ó ti rò ó débi pé ó ti mọ ohùn igbe náà lórí. Inú rẹ̀ á dùn wọ̀ọ̀.

Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Aránṣọ kò mọ bí a ti ń kó kúrò nílé kí a fi ilé sílẹ̀ bí ibùba ẹran. Ó tú àwọn páálí palẹ̀, ó dì wọ́n pọ̀. Ó fọ àwọn ìgò. Ó ṣa àjákù aṣọ, ó fún ẹni tó ń fi í rọ ìrọ̀rí. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ó bi gbogbo ará ilé bóyá ẹnì kan fẹ́ ẹ, kò jù ú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn akólẹ̀kódọ̀tí pé pàǹtí àwọn yóò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó má bàa bá wọn lójijì. Ó fọ ilẹ̀, ó nu fèrèsé, ó fọ ara ògiri ilé ìdáná.

"Màmá, ta lẹ̀ ń tún un ṣe fún?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Obìnrin tó da ìlédìí sí yín lẹ́sẹ̀?"

"Èmi ni mò ń tún un ṣe fún," ni ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Bó o bá kúrò níbì kan, ìwà rẹ ló ń kẹ́yìn kúrò níbẹ̀."

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló wá bá wọn kó ẹrù. Bó ṣe ń gbé dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, igun rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn. Dígí náà já lulẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Ó ti tán," ni aránṣọ wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbá a jọ dáadáa. Fi páálí tó nípọn wé e, fi okùn dì í, kó o kọ 'dígí fífọ́' sí i lára gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹni tó máa gbé e ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwa la mọ̀. Gbálẹ̀ tán, kó o mú kọ́kọ́rọ́ fún màmá onílé, kó o sì kí i dáadáa. Àwa ti ń lọ máa já ẹrù."

"Ó dáa, Màmá."

Ọkọ̀ akẹ́rù náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó yà ní kọ̀rọ̀, ó lọ.

Abẹ́rẹ́ lọ gbé ike rẹ̀.

Ó dà á sórí ilẹ̀ ilé ìdáná tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó dà á sínú àwokòtò ìfọwọ́, ó ki àkísà bọ ihò rẹ̀ kí omi má lè lọ. Ó wọ́n ìyókù káàkiri pálọ̀ bí ẹni ń bu omi rin òdòdó. Ó rọra pa gbogbo fèrèsé dé kí òórùn náà lè jinná. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá òórùn ló fà á tàbí ayọ̀.

Ó wá ku dígí. Ó mú páálí, ó mú okùn. Ó dúró.

Ó rántí pé ìyá onílé a máa tú pàǹtí oní-pàǹtí wò. Ọwọ́ lásán ló fi ń tú u, á máa wá ẹni tó máa bú. "Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún ara rẹ̀. "Kó wá tèmi náà."

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìyẹn ti kọjá òórùn, pé ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ìbínú ni kò jẹ́ kó gbà. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó kó àwọn èérún dígí náà sínú àpò, ó fi ìyókù àjákù aṣọ rírẹwà bò ó lórí, pupa àti yẹ́lò, ó gbé e sí àárín pálọ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé aṣọ tí wọ́n gbàgbé ni.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ síwájú ìyá onílé, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Màmá, kọ́kọ́rọ́ yín nìyí o. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ kú ilé."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ní ilé tuntun, Abẹ́rẹ́ jẹun àjẹyó. Ó ń kọrin bó ṣe ń to abọ́. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìsinmi ìdánwò ló ń múnú ọmọ òun dùn.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù aránṣọ dún. Tíṣà Àgbà ni. Aránṣọ kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí. "Ẹ̀n... Ẹ̀n... Bàbá, ẹ tún un sọ." Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí itan.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Màmá, ó bú yín lójú gbogbo—"

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Aránṣọ ò na ọmọ rẹ̀, kò sì pariwo. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé Abẹ́rẹ́ ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. "Ìyá onílé ò wọ ibẹ̀ rárá. Ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ló wá gbá ilé rẹ̀. Ó rí àpò tó kún fún aṣọ mèremère. Ó ní kí òun kó o, kí òun fi ránṣẹ́ sí mi, bóyá mo gbàgbé ẹ̀ ni. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já. Ọmọ náà, onídìrí ni. Irun ló ń dì jẹun." Ó gbé fóònù náà kúrò lórí itan. "Òun ló sì kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó o parí ìdánwò rẹ. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni."

Bí ìyá àti ọmọ ṣe dé àgbàlá náà, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Gbogbo ayálégbé ló dúró síta, kálukú fi aṣọ bo imú. Ìyá onílé dúró sí àárín wọn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ṣé mo sọ fún yín tàbí mi ò sọ?" ni ó ń ké. "Ẹ ní mo purọ́ mọ́ ọn! Ẹ ní kò dọ̀tí! Ẹ fa imú yín, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹlẹ́rìí mi!"

Àwọn tó máa ń kí aránṣọ lẹ́ẹ̀mejì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà Àgbà fi ara ti ọ̀pá rẹ̀. "Ojú tì mí, ìyá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Mo jẹ́rìí fún ọ nínú ilé yìí. Báwo ni màá ṣe tún jẹ́rìí òmíràn?"

Ìgbà yẹn ló yé Abẹ́rẹ́. Irọ́ ni ìyá onílé pa tẹ́lẹ̀, irọ́ tí kò lẹ́sẹ̀, tí ì bá wó fúnra rẹ̀. Òun, ọmọ aránṣọ, ló fún irọ́ náà lẹ́sẹ̀. Òun ló sọ ọ́ di òótọ́ lójú gbogbo ayé.

Ìyá rẹ̀ ti ṣán aṣọ ró, ó ti ń béèrè búrọ́ọ̀ṣì àti omi. Abẹ́rẹ́ bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ já, ó tún un mú. "Ìyá mi fọ ilé yìí kó tó kúrò. Ó ní kí n di dígí yẹn dáadáa, kí n kọ ọ́ sára. Èmi ni mo da ìdọ̀tí síbẹ̀. Èmi ni mo fi aṣọ bo dígí. Mo fẹ́ fi gbẹ̀san lára màmá onílé ni. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Irú igi bẹ́ẹ̀, irú èso bẹ́ẹ̀," ni ìyá onílé wí.

Àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n sì fọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ yọ àkísà tó kì bọ ihò àwokòtò. Ó bì, ó nu èébì, ó tún ń fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó dé ibi tí àpò wà, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ àjákù aṣọ yẹ́lò. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Wé dígí yẹn," ni ó wí. "Kọ ọ́ sára bí mo ṣe wí."

Ẹ̀gbọ́n onídìrí ọkùnrin fẹ́ fa Abẹ́rẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó wá sí ilé tuntun wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná. "Bí èmi náà bá gé ọwọ́ tìẹ ńkọ́?" ni ó ń bi í. "Ṣé á dùn mọ́ ọ?" Onídìrí fúnra rẹ̀ ló dá a dúró. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún òun.

Abẹ́rẹ́ rò pé ìdáríjì nìyẹn. Kì í ṣe ìdáríjì.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó bá a lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì títí dé ọrùn ọwọ́. Kò ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ tutù, ó le.

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, mà."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni." Onídìrí wo báńdéèjì rẹ̀. "Mi ò ní bú ọ. Mi ò ní nà ọ́. Mi ò sì ní dárí jì ọ́, torí náà má bẹ̀ mí. Ọwọ́ mi lo gbà, ọwọ́ rẹ ni màá máa lò títí tèmi yóò fi san. Láàárọ̀ ni wàá dé, ìrọ̀lẹ́ ni wàá lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ onídìrí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbádùn ìsinmi lẹ́yìn ìdánwò. Òun ń fọ irun, ó ń tú irun, ó ń ṣa irun jíjá nílẹ̀, ó ń sá táwẹ́ẹ̀lì. Ó ń bá onídìrí de bọ́tìnnì, ó ń bá a ṣí ìgò ìpara. Gbogbo èyí kò le tó ohun kan. Bí oníbàárà bá wọlé, tó bi onídìrí pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀, onídìrí á fi àgbọ̀n júwe Abẹ́rẹ́. "Ẹ bi í. Òun ló mọ̀ ọ́n sọ."

Abẹ́rẹ́ á dúró, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá fẹ́ fo dígí, onídìrí á ní, "O fo ibì kan." Àwọn oníbàárà mìíràn á pòṣé. Obìnrin kan fa orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin tó ń gé èèyàn má fọwọ́ kan òun. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ló ń gé e lẹ́nu bí èérún dígí. Wọ́n sì ti sún ìgbéyàwó onídìrí síwájú, torí dókítà ò lè sọ bóyá ìka rẹ̀ yóò tún tẹ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá onílé wá fọ irun.

Ó rí Abẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ó jókòó, ó gbé orí sẹ́yìn sórí àwo ìfọrun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà ò sí níbẹ̀. "Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá rẹ̀ gan-an ni orísun ìdọ̀tí. Mo rí i fúnra mi, pàǹtí àti ìlédìí nínú garawa búlúù. Bí ìyá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ lọmọ."

Kẹ́tùlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́rẹ́. Omi inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Orí ìyá onílé wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ojú obìnrin náà wà ní dídì, ọrùn rẹ̀ wà gbalaja. Òkúta àtijọ́ náà tún dì ní àyà Abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ pé òun lè sọ pé àṣìṣe ni. Ta ló máa mọ̀?

Ó gbé kẹ́tùlù náà. Ó wò ó.

Ó dà á sínú ike, ó bu omi tútù sí i. Ó ti ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tún bu omi tútù sí i. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọra dà á sórí ìyá onílé, ó fi ọwọ́ kejì dáàbò bo etí rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí onídìrí tó dìde kúrò lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo kẹ́tùlù. Ó ti rí gbogbo rẹ̀.

"Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, "èmi ni mo fi ìdọ̀tí sí ilé yín, mo sì ń sọ ọ́ níbí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ ló da ìlédìí sínú garawa búlúù. Ẹ mọ ẹni tó dà á."

Ìyá onílé la ojú.

"Màmá," ni onídìrí wí láti ẹ̀yìn, "èmi náà fẹ́ gbọ́. Ọmọ yìí ti sọ tirẹ̀. Ta ló gbé ọmọ ọwọ́ wá sílé yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn?"

Ìyá onílé wo òrùlé. Ọṣẹ ń ṣàn wá sí iwájú orí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fọ orí mi tán," ni ó wí níkẹyìn, ó sì tún pa ojú dé.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí di òní. Àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ní etí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé àgbàlá. Tíṣà Àgbà pe aránṣọ lórí fóònù, ó ní òun ní ṣòkòtò kan tí òun fẹ́ kó bá òun tún rán.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, àpá gígùn kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ onídìrí. Ìka mẹ́rin ń tẹ̀, ọ̀kan ò tẹ̀ délẹ̀ mọ́. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun rẹ̀. Ó ń dì í, ó ń tú u, ó ń fi eyín di ètè mú nígbà tí ìrora bá mú un. Ọ̀sán lọ, ìrọ̀lẹ́ dé kó tó parí. Irun náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó tó," ni ó wí. "Má wá lọ́la."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Onídìrí na ọwọ́ rẹ̀, ó ká a, ó wo ìka tí kò tẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ fi ìyà jẹ ọ́ títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Ìyà náà ti jẹ ọ́, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Bóyá kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń wá ìbàlẹ̀ ọkàn nìyẹn. Dìde, ilẹ̀ ń ṣú."

Abẹ́rẹ́ gbé irun wíwọ́ náà lọ sílé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u títí ó fi tú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀ pé wọ́n rẹ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ jẹ. Kí èèyàn bínú sí ìrẹ́jẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ìdọ̀tí tí a fi sílẹ̀ fún ọ̀tá kò mọ ojú ọ̀tá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ló ń rí i, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ń gé. Bẹ́ ẹ bá ń kúrò nílé kan, ẹ gbá a, ẹ ya ohun tó ń gé èèyàn sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ má ṣe é nítorí onílé. Ẹ ṣe é nítorí ẹni tí ẹ ò tíì mọ̀, tó ń bọ̀ wá ṣí ilẹ̀kùn náà, tó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ló ti bá yín bẹ̀bẹ̀ rí.